Bí a ṣe ń fi aró kun abọ́ onígi tí a gbẹ́ lórí ẹ̀rọ lathe

Aró kì í bo igi. Ọ̀dà ló ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá kun abọ́ tí sáńpépà ti há lọ́gbẹ́ ní ọ̀dà, ọ̀dà á bá yín gbé ọgbẹ́ náà pamọ́. Bí ó bá jẹ́ aró ni, gbogbo ibi tí ẹ ti kánjú kọjá ni yóò dúdú ju ibi yòókù lọ, tí yóò sì máa pe àfiyèsí síra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìdajì iṣẹ́ yìí fi jẹ́ èyí tí a ó ṣe kí aró tó kan igi.

Abọ́ kan ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí a gbẹ́ lórí lathe, ẹ̀rọ tó ń yí igi nígbà tí irin ń gbẹ́ ẹ, tí ìbú rẹ̀ sì tó sẹ̀ǹtímítà 25. Ẹ̀yìn àti etí rẹ̀ ló máa gba aró, inú rẹ̀ á wà bí igi náà ṣe wà. Ẹni tó ń gbẹ́ ẹsẹ̀ àga tàbí òpó àtẹ̀gùn lè tọ ọ̀nà kan náà.

Igi

Igi tó funfun ni kí ẹ wá. Arère ń mu aró dáadáa, ó sì rọrùn láti gbẹ́, àmọ́ ó rọ̀ débi pé irin tí kò mú á fà á ya. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó là á, nítorí olú máa ń fi àbàwọ́n búlúù tó rí bí eérú sí i lára, àbàwọ́n yẹn á sì hàn lábẹ́ aró. Afárá náà dára, bí ẹ bá ti yẹra fún pákó tí ọkàn rẹ̀ dúdú. Mèlínà wà káàkiri, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Igi máńgòrò náà máa ń ní ìlà tó lẹ́wà tí aró ń gbé yọ. Ní Britain àti Amẹ́ríkà, sycamore, maple àti ash ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fẹ́ràn jù.

Ìrókò, apá àti ọ̀gànwó ti ní àwọ̀ tiwọn. Aró pupa lórí apá kò ní ṣe jù kó sọ ọ́ di dúdú lọ. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.

Ohun kan wà tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu: mèlínà àti afárá ní àwọ̀ yẹ́lò díẹ̀ nínú. Bí ẹ bá da aró búlúù sórí wọn, búlúù á bá yẹ́lò pàdé, á di búlúù tó ń fa sí àwọ̀ ewé. Bí búlúù gidi bá jẹ yín lógún, ẹ ki ẹ̀kán aró pọ́pù (elésè àlùkò) tàbí pupa díẹ̀ bọ inú rẹ̀, tàbí kí ẹ lo arère tó funfun jùlọ.

Igi náà gbọ́dọ̀ gbẹ. Igi tútù ń mu aró níbì kan, kò ní mu ún níbòmíràn, bó bá sì gbẹ tán, àwọ̀ náà kò ní dọ́gba.

Aró wo?

Sítéènì tí wọ́n ń tà nínú agolo fún àga àti ilẹ̀kùn kì í ṣe ohun tí à ń wí. Lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó ń jókòó sínú ihò àti ọgbẹ́ igi, ó sì ń bo ìlà igi díẹ̀díẹ̀. Aró yòrò pátápátá, ó ń wọ inú fọ́nrán igi, ìmọ́lẹ̀ sì lè gba inú rẹ̀ kọjá. Oríṣi méjì ló wúlò fún wa.

Aró olómi jẹ́ lẹ́búlẹ́bú tí à ń po mọ́ omi. Kì í tètè gbẹ, ìyẹn sì ni àǹfààní rẹ̀, nítorí ẹ ó ráyè tẹ́ ẹ kó dọ́gba. Àléébù rẹ̀ ni pé omi ń jẹ́ kí irun igi nà dìde, oòrùn sì ń tètè ṣí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Aró onísípíríìtì, pàápàá èyí tí irin so pọ̀ mọ́ àwọ̀ rẹ̀, tí wọ́n kọ “metal complex” sí lára, ń dúró nínú ìmọ́lẹ̀ jù ú lọ, kì í sì í gbé irun igi sókè púpọ̀. Àmọ́ ó ń gbẹ láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ibi tí àkísà bá sì ti kan ibi tó ti gbẹ lẹ́ẹ̀kejì á ní ilà dúdú. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, aró olómi ni kó fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ṣe gbé aró àdìrẹ wá sí orí igi. Ọ̀pọ̀ lẹ́búlẹ́bú tí àwọn aláró ń lò fún àdìrẹ ni kì í yòrò nínú omi lásán. Caustic soda àti hydrosulphite ni wọ́n fi ń mú kó yòrò, afẹ́fẹ́ ló sì ń dá àwọ̀ rẹ̀ padà lára aṣọ. Aró ẹ̀lú pàápàá, omi eérú àti àkókò ló ń ṣiṣẹ́ fún un nínú ìkòkò. Òwú fara da ìyẹn. Caustic soda ń sọ igi di dúdú, ó ń mú ojú rẹ̀ rí játijàti, ó sì lè jó awọ ara yín. Ohun tó tọ́ sí aṣọ ni.

Nínú ohun tó wà lọ́jà wa, osùn ṣeé lò. Omi kì í fa àwọ̀ osùn jáde dáadáa, sípíríìtì ló ń fà á. Ẹ rẹ gíráàmù 50 lẹ́búlẹ́bú osùn sínú mìlílítà 250 sípíríìtì tí kò láwọ̀, nínú ìgò tó ní ìdérí, fún ọjọ́ méjì, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Ẹ ó rí pupa tó ń fa sí àwọ̀ ilẹ̀, tó máa túbọ̀ fa sí àwọ̀ ilẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ata ilẹ̀ pupa náà ń fún ni ní yẹ́lò tó mọ́lẹ̀ yòò, ṣùgbọ́n ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ kò ní bá yẹ́lò kankan níbẹ̀ mọ́. Àwọ̀ tí wọ́n ń fi sínú àkàrà òyìnbó náà kò yàtọ̀ sí i.

Kí aró tó dé

Ẹ so igi mọ́ ẹ̀rọ, kí ẹ gbẹ́ ẹ̀yìn abọ́ náà àti ìdí rẹ̀ tán, ẹ má tíì kan inú. Ẹ fi kókó kékeré kan sílẹ̀ ní àárín ìdí náà, tí ẹnu ṣọ́ọ̀kì (irin eléyín tó ń di igi mú lórí ẹ̀rọ) máa gbá mú nígbà tí ẹ bá yí i padà. Kókó yẹn kò gbọ́dọ̀ gba aró, nítorí eyín ṣọ́ọ̀kì á fi ọgbẹ́ sí i.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sáńpépà láti nọ́ńbà 120, kí ẹ lọ sí 180, 240, kí ẹ parí ní 320. Ẹ má fo ọ̀kankan. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa yí lọ́ra, bíi 300 sí 600 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá yára jù, igi á gbóná, á máa dán bíi gíláàsì, aró kò sì ní rí ibi wọ̀. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá lo nọ́ńbà 600 tàbí 800: ẹ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ aró ni.

Sáńpépà tí à ń lò nígbà tí ẹ̀rọ ń yí máa ń fi òrùka ọgbẹ́ yí abọ́ ká, ọgbẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Torí náà, lẹ́yìn nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ fi ọwọ́ ha á ní ọ̀nà tí fọ́nrán igi gbà lọ, títí òrùka yẹn fi pòórá, kí ẹ tó bọ́ sí nọ́ńbà tó kàn. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń já ọ̀nà gbà.

Lẹ́yìn 320, ẹ ki àkísà bọ sípíríìtì kí ẹ fi pa gbogbo abọ́ náà, kí ẹ tan gílóòbù iná mànàmáná kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Níwọ̀n ìṣẹ́jú kan tó fi tutù, ó máa fi bí aró ṣe máa rí hàn yín: òrùka ọgbẹ́, ibi tí irin ti fa igi ya, ibi tí súpágúlúù kán sí. Súpágúlúù àti gúlúù funfun kì í jẹ́ kí aró wọlé, ibẹ̀ á dúró ní funfun bí àmì làpálàpá. Ẹ há a kúrò nísinsìnyí. Bí igi bá sán tí ẹ fẹ́ fi súpágúlúù dí i, aró ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i.

Fún aró olómi, ẹ fi fóòmù tó tutù nu abọ́ náà, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dé òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Irun igi á dìde. Ẹ fi nọ́ńbà 320 tó ti gbó pa á lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ní pẹ̀lẹ́. Bí ẹ bá há a jinlẹ̀, irun tuntun lẹ tún fẹ́ gbé dìde, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti àkọ́kọ́.

Pípò aró

Ẹ wọ́n ọn. Ṣíbí kò ṣeé gbára lé, nítorí lẹ́búlẹ́bú kan wúwo ju èkejì lọ. Òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò ti tó.

Gíráàmù 5 sí mìlílítà 250 omi ló dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Gíráàmù 2 á fún yín ní àwọ̀ tó rọ̀, gíráàmù 10 á le koko. Kí omi náà gbóná dé ibi tí ìka lè fi díẹ̀ fara dà á, kó má hó. Omi òjò tàbí omi inú ike tó mọ́ ni kí ẹ lò. Omi bọ́òhù tó ní irin nínú lè sọ igi di eérú, pàápàá igi tó ní oje kíkorò bíi ti tíì. Ẹ pò ó nínú ìgò tàbí ike, ẹ má lo agolo irin. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ fi aṣọ tó wé pọ̀ sẹ́ ẹ, nítorí hóró kan ṣoṣo tí kò yòrò lè fa ilà gígùn kan sára abọ́. Ẹ kọ iye gíráàmù, irú omi àti ọjọ́ sára ìgò náà. Àwọ̀ tí a kò kọ sílẹ̀ kì í ṣeé tún pò.

Ẹ wọ ìbòmú nígbà tí ẹ bá ń bu lẹ́búlẹ́bú, kí ẹ sì pa fáànù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kì í ṣe torí ewu nìkan: aró tó bá wọ ìsàlẹ̀ èékánná á bá yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ìdánwò

Ẹ mú èérún igi kan láti inú pákó kan náà, kí ẹ há a bí ẹ ṣe há abọ́, kí ẹ rẹ ẹ́, kí ẹ kun ún, kí ẹ sì fi láákà (omi dídán tí kò láwọ̀ tó ń gbẹ bo ojú igi) lé e. Láì fi láákà lé e, ẹ kò tíì dán nǹkan kan wò. Aró tó gbẹ máa ń rí bí ẹ̀fun, ó máa ń kú; láákà ló ń jí i padà, nígbà mìíràn ó máa ń jí i ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe máa rí, àwọ̀ rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù ni kí ẹ wò.

Ẹ fi páálí bo ìdajì èérún náà kí ẹ gbé e sí ojú fèrèsé fún oṣù kan. Ìyàtọ̀ ìhà méjèèjì á sọ fún yín bóyá aró yẹn yẹ fún ohun tí ẹ fẹ́ tà.

Ó kù kí a kùn ún

Ẹ fi náílọ̀n bo irin lathe, kí ẹ pa ẹ̀rọ náà. Ọwọ́ ni kí ẹ fi máa yí abọ́ náà. Ẹni tó bá tan ẹ̀rọ nígbà tí aró ṣì tutù á rí i lára ògiri, lára ẹ̀wù àti nínú ojú ara rẹ̀, aró tó kù lára abọ́ á sì fa ilà bí ìtànṣán láti àárín lọ sí etí.

Wàhálà tó tóbi jùlọ lórí abọ́ ni orí fọ́nrán. Lára abọ́ tí a gbẹ́ láti inú pákó, ibi méjì tó dojú kọra wọn ni fọ́nrán ti yọ ẹnu síta, bí ìdì igbálẹ̀ tí a gé ní ìdajì. Àwọn ẹnu yẹn ń fa aró mu, ibi méjì yẹn á sì dúdú ju ìyókù lọ. Ẹ kò lè pa ìyàtọ̀ náà rẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ lè dín in kù. Ẹ fi omi lásán pa ibi méjì náà ní ìṣẹ́jú kan ṣáájú, kí fọ́nrán lè ti yó kí aró tó dé. Bákan náà, ẹ lo aró tó rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta dípò èyí tó le lẹ́ẹ̀kan.

1. Ẹ ki fóòmù bọ aró kó rin gbingbin. Aró tó kéré ni kì í dọ́gba, kì í ṣe èyí tó pọ̀.
2. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí, kí ẹ máa yí abọ́ lọ́wọ́, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí. Ẹ má jẹ́ kí bèbè tó tutù gbẹ kí ẹ tó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.
3. Ẹ jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi àkísà gbígbẹ tí kì í já òwú nù ún ní ọ̀nà fọ́nrán.
4. Ẹ fi sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Nínú ọyẹ́, wákàtí mẹ́fà lè tó. Nígbà òjò, ẹ fún un ní ọjọ́ kan tó kún. Aró onísípíríìtì kò ju wákàtí kan lọ.
5. Ẹ wò ó lójú ọ̀sán, kí ẹ tó pinnu bóyá ẹ ó tún kùn ún.

Bí ẹ bá fẹ́ àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ti ibi tó mọ́lẹ̀ lọ sí ibi tó ṣú: yẹ́lò, pupa, lẹ́yìn náà búlúù tàbí dúdú. Níbi tí wọ́n ti pàdé, ẹ fi àkísà tó ní omi díẹ̀ (tàbí sípíríìtì, bó bá jẹ́ aró onísípíríìtì) pa bèbè wọn pọ̀ kí wọ́n tó gbẹ.

Ọ̀nà kan tún wà fún igi tó ní ìlà bí omi tó ń ru. Ẹ kọ́kọ́ fi aró dúdú kun gbogbo rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi nọ́ńbà 240 àti 320 há a padà. Ibi tí fọ́nrán ti le á funfun padà, ibi tó rọ̀ á di dúdú mú. Yẹ́lò tàbí pupa tí ẹ bá wá dà lé e lórí á jẹ́ kí ìlà náà dà bí ohun tó ń rìn. Lórí arère tí kò ní ìlà, ẹ ń fi àkókò ṣòfò ni.

Dúdú láì ra aró

Fún dúdú bí igi ẹ̀bónì, ẹ kò nílò aró rárá. Ẹ fọ irun irin (steel wool) pẹ̀lú ọṣẹ kí òróró kúrò lára rẹ̀, kí ẹ ki bíi gíráàmù 15 bọ ìdajì lítà fínígà funfun. Ẹ má dé ìgò náà pa, nítorí gáàsì ń jáde nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ sẹ́ ẹ.

Irin yìí nílò oje kíkorò tó wà nínú tíì àti èèpo igi mélòó kan kó tó lè dúdú. Arère àti mèlínà kò ní in tó. Ẹ rẹ báàgì tíì mẹ́fà sínú mìlílítà 250 omi gbígbóná títí á fi tutù, tàbí kí ẹ rẹ èso bọ̀ǹní tó ti fọ́, èyí tí wọ́n fi ń ṣe awọ. Ẹ fi kun abọ́ náà, kó gbẹ, kí ẹ wá fi omi irin lé e. Lójú yín ni igi á di eérú, lẹ́yìn náà dúdú. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì bó bá ń fa sí búlúù. Búrọ́ọ̀ṣì omi irin kò gbọ́dọ̀ wọ inú tíì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìgò tíì náà á di tàdáwà.

Dídi àwọ̀ náà mú

Òfin ibẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ohun tó ń mú aró yòrò kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa lé e. Lórí aró olómi, ẹ lo ṣẹ́láàkì (oje kòkòrò tó yòrò nínú sípíríìtì) tàbí láákà, ẹ má lo fáníìṣì olómi. Lórí aró onísípíríìtì, ṣẹ́láàkì tí a fi búrọ́ọ̀ṣì pa á fa aró náà gùn bí ẹni ń nu pátákó ìkọ̀wé. Ẹ fi ìbọn ọ̀dà tàbí agolo afínfín fọ́n láákà lé e, kí ìgbà méjì àkọ́kọ́ fẹ́lẹ́ bí ìrì, kó sì gbẹ láàárín wọn. Oróró àti fáníìṣì olóróró máa ń pọ́n. Lórí búlúù àti funfun, wọ́n á ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ fún ẹ̀yìn abọ́ ní láákà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó yí i padà láti gbẹ́ inú rẹ̀, torí òógùn ọwọ́ nìkan tó láti gbé aró olómi kúrò. Nígbà tí irin bá wá ń gbẹ́ inú, á gé aró tó ti ṣàn kọjá etí dànù, ààlà àwọ̀ á sì mú bí ẹni fi abẹ fà á. Kò sí téèpù tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ara abọ́ fẹ́lẹ́ ju mìlímítà 5 lọ níbi tí orí fọ́nrán wà, kí aró má baà gba ibẹ̀ yọ sínú.

Bí wọ́n bá máa fi oúnjẹ sínú rẹ̀, ẹ fi paraffin olómi tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn pa inú náà. Epo ẹ̀pà á kan.

Nígbà tó bá bàjẹ́

Bí abọ́ bá ń tàn bí idẹ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀, aró ti pọ̀ jù, ó ń gbẹ sójú igi. Ẹ fi àkísà tútù nù ún kí láákà tó dé.

Bí sáńpépà bá ti gé láákà já ní etí tí igi funfun sì yọ, ẹ po aró onísípíríìtì tó bá àwọ̀ náà mu mọ́ sípíríìtì kó rọ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin, kí ẹ sì fọ́n láákà lé e. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹ má fi sáńpépà kan etí mọ́.

Bí gbogbo àwọ̀ náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn tí láákà kò tíì dé, háípò tí a fi ń fọ aṣọ funfun máa ń fa ọ̀pọ̀ aró olómi kúrò. Ẹ fi fóòmù pa á, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ fi omi fọ̀ ọ́ dáadáa, kó gbẹ fún ọjọ́ méjì. Aró onísípíríìtì kì í sábà gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ẹ má jẹ́ kí háípò pàdé fínígà láé, yálà nínú ìgò tàbí lára igi tí ẹ ti fi omi irin kùn: gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára. Abọ́ dúdú tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé e padà sórí ẹ̀rọ, kí ẹ fi irin gbẹ́ ojú rẹ̀ kúrò.